Ọwọ́ Kan Tèmi, Ọwọ́ Kan Tiyín

Gbogbo ayé Ìyá Abẹ́rẹ́ ló fi ń fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ, kó tó wá di pé òun gan-an ni wọ́n ń gún. Télọ̀ ni. Aṣọ ìyàwó, aṣọ ilé-ìwé, kọ́tìnnì, kò sí èyí tí kò rán rí. Àfi bí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ṣe dáṣẹ́ sílẹ̀, bí ẹni pé wọ́n jọ dìtẹ̀ mọ́ ọn ni. Dókítà ní kó máa wá sí yàrá ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ èèyàn jáde, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń dá a padà sára. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí ọjọ́ ayé. Ẹ gbà mí o, títí ọjọ́ ayé! Ẹni tó bá ní ó máa ń mọ́ èèyàn lára, ẹ bá mi bi í bóyá wọ́n ti gún òun rí.

Yàrá náà tutù, ó sì mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àga gbọọrọ-gbọọrọ ló wà níbẹ̀ ní ìlà kan, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ méjì tó nípọn ni nọ́ọ̀sì máa ń fi gún apá òsì rẹ̀, á fi plásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ní, "Màmá, apá yìí ò gbọdọ̀ mira o. Ẹ má sì fi nǹkan kan bò ó, kí n máa rí i." Bó ṣe máa jókòó nìyẹn títí iṣẹ́ ẹ̀rọ á fi parí, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, wọn ò sì ní fún un lómi ju èyí tó máa mú ètè rẹ̀ tutù lọ. Láàárín oṣù díẹ̀ ó ti pinnu. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni: òun máa ṣíwọ́ wíwá. Òun máa dùbúlẹ̀ sílé, kí èyí tó bá máa ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé Dẹ́rẹ́bà wá sí àga tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ó ti fi ọkọ̀ ńlá kó ẹrù káàkiri títí àìsàn fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣan apá òsì tirẹ̀ ti bàjẹ́ nídìí abẹ́rẹ́, apá ọ̀tún ni wọ́n wá ń gún. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá a sọ rèé: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo jẹ yín ní gbèsè ni? Ojú yín le o, ẹ̀rọ mi ti ń bẹ̀rù."

Ìyá Abẹ́rẹ́ pòṣé. Ẹnu ọkùnrin náà kì í dilẹ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́ sì lè búra pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé e kúrò lẹ́nu ọkọ̀.

Ohun tó là wọ́n níjà ni bọ́tìnnì kan. Ó ń rọ̀ dirodiro lára ṣẹ́ẹ̀tì Dẹ́rẹ́bà, télọ̀ wo ló sì lè wo irú ìyẹn kó fara mọ́ ọn? Ó fara dà á lọ́jọ́ kìíní, ó fara dà á lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ó fa abẹ́rẹ́ àti òwú yọ nínú àpò rẹ̀, ó nawọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Bó bá ti ti abẹ́rẹ́, aṣọ á sá. Ló bá di pé Dẹ́rẹ́bà fi àtàǹpàkò òsì àti ìka kan di aṣọ náà mú ṣinṣin.

"Ẹ fà á kó le," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

"Mo ti tẹ búrékì mọ́lẹ̀. Ẹ máa bọ̀."

Ẹ̀rín pa Ìyá Abẹ́rẹ́. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, nọ́ọ̀sì pàápàá yíjú wò wọ́n.

Láti orí bọ́tìnnì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìbora kan pọ̀. Àjákù aṣọ kún àpò kan fọ́fọ́ nílé Ìyá Abẹ́rẹ́. Dẹ́rẹ́bà náà kó àwọn ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wá, àti ìró pupa kan tí ìyàwó rẹ̀ ò ró mọ́. Nílé ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ti máa ń gé wọn sí ègé-ègé. Tí wọ́n bá ti gún àwọn méjèèjì tán, wọ́n á gbé iṣẹ́ sáàárín àga: ọwọ́ òsì tọkùnrin á fa aṣọ, ọwọ́ ọ̀tún tobìnrin á rán an. Tó bá di ká so òwú, obìnrin á mú etí kan, ọkùnrin á mú ìkejì. Èèyàn méjì tó ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bára wọn jà lórí àwọ̀.

"Àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa? Ẹ̀yin lẹ fọ́jú àbí èmi?"

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́. Iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì ni."

Ṣé kí n sọ ọ́ ní gbangba? Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kì í ṣe èyí tí ẹ̀ ń rò yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ẹni tó ń rí ìrora rẹ̀ tí kò sì gbójú kúrò. Ìpinnu tó ṣe pé òun ò ní wá mọ́, ó ń sún un síwájú ni. Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ku etí kan. Kí wọ́n parí ìlà yìí ná.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wo bí ìbora náà ti fẹ̀ tó ni nǹkan bàjẹ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan àwọn méjèèjì, ó fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, etí rẹ̀ kan sì gorí apá ọ̀tún Dẹ́rẹ́bà, ó bo plásítà, ó bo abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń bì ní ìpẹ̀kun yàrá. Inú àwọn méjèèjì dùn débi pé wọ́n gbàgbé ohun tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wá síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán etí tó kù.

Ó ṣe díẹ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́ rí i pé ègé funfun kan lọ́hùn-ún ń pọ́n. Ẹ wo ohun tó sọ sí télọ̀ lọ́kàn! Ó rò pé ègé ìró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ṣí aró.

"Mo ní ìró ìyàwó yín yìí máa ṣí," ó ní. "Ẹ wò ó, ó ti ba funfun mi jẹ́."

Ọwọ́ òsì Dẹ́rẹ́bà dẹ̀ lára aṣọ.

"Ẹ fà á dáadáa jàre! Àbí ẹ ti ń sùn lórí sítíárìn ni?"

Ó ṣì ń bá a wí lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohun tó ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Ẹ̀rọ ò ké, nǹkan kan ò ké. Òun ló ké. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó ká aṣọ kúrò, abẹ́rẹ́ kan ti yọ, ìbora sì ti mu ẹ̀jẹ̀ yó.

Dẹ́rẹ́bà ò kú lọ́jọ́ náà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì di ìbora sínú ọ̀rá dúdú fún ìyàwó rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nínú yàrá òun mọ́, wọ́n á sì gbé àga Dẹ́rẹ́bà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ta ló máa bá a jiyàn?

Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ sílé, kò sì padà lọ. Ó pa ọjọ́ ẹ̀rọ kan jẹ, ó pa ìkejì jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, ó wá ń mí bí ẹni tó ń gun òkè lórí ibùsùn.

"Màámi, ẹ dìde, ẹ má ṣe èyí sí mi," ni ọmọ rẹ̀ ń sunkún.

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọlọ́mọ. Fi mí sílẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, wọlé, ìyàwó rẹ̀ dì í mú. Ó ti rù débi pé ṣòkòtò fẹ́ bọ́ nídìí rẹ̀. Ìyàwó jókòó ti ọmọ Ìyá Abẹ́rẹ́ ní pálọ̀, òun wọ yàrá wá, ó ju ọ̀rá dúdú náà sórí ibùsùn.

"Ṣé orí yín dàrú ni?"

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fà á, tẹ́ ẹ̀ ń kú lọ!"

"Àwa méjèèjì la tẹ́ aṣọ. Èmi náà rí i pé ó bo apá mi. Ẹ má dá ẹ̀bi náà gbé, ojúkòkòrò nìyẹn."

Ó fa ìbora náà yọ. Ìyàwó rẹ̀ ti fọ̀ ọ́ títí, ègé funfun náà ti di rúsúrúsú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Ọwọ́ ti pọ̀ jù. Ọ̀tún ọkùnrin ń dí òsì obìnrin lọ́wọ́, wọ́n gún ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sú Ìyá Abẹ́rẹ́, ó já a gbà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì rán odidi etí kan kíákíá.

"Ẹ lè dá a ṣe nílé látọjọ́ yìí wá," ni Dẹ́rẹ́bà wí.

"Mo lè dá a ṣe."

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é?"

"Tí mo bá ṣe é nílé, kí ni màá tún máa wá ṣe lọ́hùn-ún?"

Dẹ́rẹ́bà ká ìbora náà lé e lórí itan. "Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ máa lọ lọ́la. Bí mo wà níbẹ̀, bí mi ò sí níbẹ̀."

"Kí ló máa ní kí ẹ má wà níbẹ̀?"

"Mo ní kí ẹ ṣèlérí."

Ó ṣèlérí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó Dẹ́rẹ́bà ni Ìyá Abẹ́rẹ́ àti ọmọ rẹ̀ bá lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Òun nìkan ló jókòó.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, mo jí wọn láàárọ̀ yìí, wọn ò jí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé bí nǹkan bá ṣe àwọn, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì."

Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó tì í. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn ni?"

"Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀." Obìnrin náà kò parọ́ fún un, kò sì bú u. "Ó ti pẹ́ tí dókítà ti ní ọkàn wọn ò gbé ẹ̀rọ yìí mọ́, pé kí wọ́n jókòó sílé. Wọ́n gbà, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá débí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó tì yín, wọ́n padà délé, wọ́n ní àwọn ò ní lè jókòó sílé mọ́. Wọ́n ní obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó fẹ́ kú, tí kò mọ̀ pé ojú òun ń sọ ọ́."

Ìyá Abẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. Ó fi ìborùn bo ojú, ó sunkún láì tijú ẹnikẹ́ni. Ó wu ú kó yí padà, kó máa lọ sílé, kó lọ dùbúlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di èjìká rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì jáde wá. Ojú tirẹ̀ náà ti pọ́n.

"Màmá, tí ẹ bá fẹ́, ẹ lè máa mú iṣẹ́ yín wá. Ẹ ṣáà má bo apá yín."

"Ta ló máa bá mi dì í mú?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde, ó wọlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Gún un, ọmọ mi. Mo ti ṣèlérí."