Ihò Irin Rédíò

Òjò ò lè rọ̀ kí bàtà ìyàwó káfíńtà má rin nínú ọkọ̀ ògbólógbòó wọn. Káfíńtà ní kó jókòó sínú ọkọ̀, kó kan gíláàsì tó bá ti rí ibi tó ń jò. Òun dúró síta, ó ń da omi sára ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó da á sí ilẹ̀kùn, ìyàwó ò mira. Ìgbà tó dé ìdí irin rédíò tó nà sókè lórí ọkọ̀, ó gbọ́ kò-kò-kò.

"Bàbá wọn, ihò tí ẹ fọwọ́ ara yín lu ni."

Láti àárọ̀ ni káfíńtà ti ń bú mẹkáníìkì wọn pé òun ló ba ọkọ̀ jẹ́; ó gbé ike omi sílẹ̀. Òun káfíńtà fúnra rẹ̀ ló lu ihò náà lọ́dún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, kí ìyàwó lè máa gbọ́ orin lọ síbi iṣẹ́.

"Ṣé kí n yọ irin náà, kí n dí i pa?"

"Ẹ má dán an wò. Màá máa ká ẹsẹ̀ sókè."