Apá Karùn-ún Ìborùn Olùṣọ́

Ìyá Olówùú ò wo ìwé hun nǹkan rí láyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi hun súwẹ́tà ọmọléèwé níbi fèrèsé yàrá ìsàlẹ̀, lórí àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó ká páálí sí nídìí. Abẹ́rẹ́ gígùn méjì, òwú nínú abọ́ kó má baà yí kiri ilẹ̀, ó tán. Tí wọ́n bá mú ọmọ wá, á fi àtẹ́lẹwọ́ wọn èjìká rẹ̀, á ní, "Ojú òwú méjìdínlọ́gọ́rin ni màá kó sórí abẹ́rẹ́. Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀." Kì í tàsé.

Ọmọbìnrin méjì ló bí. Àbígbẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, kì í sì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ó ní òwú máa ń mú òun sín. Àkọ́bí ló jogún ọwọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n Àkọ́bí tún fẹ́ràn ìtàn. Ìtàn kan wà tí tọmọdé tàgbà ń kà nígbà náà, ìwé méje gbáko, tó dá lórí obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olùṣọ́, tó ń ṣọ́ ẹnubodè lórí òkè oníyìnyín, tó sì ń gun kìnnìún tó ní ìyẹ́. Ìyá Olówùú ò ka ojú ewé kan níbẹ̀. "Kìnnìún tó ń fò kẹ̀?" ló máa ń wí. "Èyí tó ń fẹsẹ̀ rìn, ṣé ó ti pa yín tì ni?"

Bí Àkọ́bí bá ti kà nípa aṣọ kan nínú ìwé yẹn, á jókòó, á hun ún jáde: ìbọ̀wọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin, fìlà aládé kékeré, ìbọ̀sẹ̀ Olùṣọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á kọ bó ṣe hun ún sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ń pè ní àwòṣe, kí ẹlòmíràn lè wò ó hun tiẹ̀. Á wá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ọ̀fẹ́?" Ìyá rẹ̀ pariwo lọ́jọ́ tó gbọ́. "O jókòó oṣù méjì, ẹ̀yìn ń dùn ọ́, o wá gbé e fún ẹni tó ò mọ̀ rí lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?"

"Màámi, nígbà tí ẹ kọ́ mi, èló lẹ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń mú un.

Ohun kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn tí kò dùn. Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá tó bí Ìyá Olówùú, òun ló sì kọ́ ọ ní iṣẹ́. Tí Ìyá Olówùú bá ń hun ẹ̀yìn aṣọ, abẹ́ ló ti máa ń fi òwú kọ́ abẹ́rẹ́, níbi tí gbogbo ayé ti ń kọ́ ọ láti òkè. Ojú òwú á wá lọ́, á dà bí ẹni tó jókòó tó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Àkọ́bí ò mọ̀ títí tó fi pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó lọ wo bí àwọn ará ìta ṣe ń hun. Ó sáré dé, ó ní, "Màámi, òdì lẹ ń hun ún o! Gbogbo ojú yín ló lọ́."

"Súwẹ́tà tí mo hun fún ẹ lọ sílé ìwé ńkọ́? Ṣé ó já mọ́ ẹ lára?"

Kò já o, wọ́n dẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín sí i. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, Àkọ́bí ò lọ́ ojú mọ́. Nígbà tó wá ń kọ àwòṣe, ohun tó máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni: "Ẹ ṣọ́ra, ẹ má lọ́ ojú òwú." Àbígbẹ̀yìn tí ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni ló ka ìyẹn sétí ìyá wọn. Ohun tó dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, wọ́n ní. Ti Ìyá Olówùú ò rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ló gbé e mì.

Iṣẹ́ tó tóbi jù nínú iṣẹ́ Àkọ́bí ni Ìborùn Olùṣọ́. Apá márùn-ún ló pín in sí, ó ń gbé apá kan jáde lóṣooṣù, àwọn ènìyàn láti ìlú tó jìnnà sì ń hun ún bó ṣe ń jáde. Òwú eléérú ni apá kìíní dé ìkẹrin. Apá karùn-ún ni etí rẹ̀, ìyẹ́ kìnnìún, tí wọ́n á fi òwú dúdú onírun hun yípo. Àkọ́bí ti hun tirẹ̀ parí pátá. Ó ku kó kọ apá karùn-ún sílẹ̀.

Kó tó di pé ó hun etí náà parí ló wá kí ìyá rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yẹn fún ọ̀sán méjì gbáko, tó ń wo ọwọ́ obìnrin náà.

"Kí lò ń wò?" Ìyá rẹ̀ fi aṣọ tó ń hun bo ọwọ́. "Ṣé o tún fẹ́ wá bá mi wí ni?"

Àkọ́bí kàn rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Màámi. Ẹ máa hun tiyín."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ibà kan mú Àkọ́bí. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá yìí ní ọmọ fọ́dún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, òun ló sì dúró tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Wọ́n kó ẹrù Àkọ́bí wálé nínú páálí mẹ́ta. Ìyá Olówùú mú ìborùn náà nínú rẹ̀, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Nínú ìwé kékeré tí Àkọ́bí ń kọ àwòṣe rẹ̀ sí, apá mẹ́rin ló wà níbẹ̀ pípé. Lójú ewé karùn-ún, àkọlé nìkan ló wà, àti ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀: "Bi Màámi ní orúkọ rẹ̀."

"Orúkọ kí ni?" Ìyá bi Àbígbẹ̀yìn.

"Màámi, èmi náà ò mọ̀."

Oṣù mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ yẹn fi wà lọ́kàn obìnrin náà. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ bi í ní nǹkan, kò sì mọ ohun tó fẹ́ bi í.

Àwọn tó ń hun ìborùn náà ò sinmi. Àwọn kan ò tiẹ̀ gbọ́ pé Àkọ́bí ti lọ; wọ́n ń bínú pé ó já àwọn sílẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ń kẹ́dùn, wọ́n á wá rọra fi kún un pé, jọ̀wọ́, ṣé apá karùn-ún wà níbì kan. Àbígbẹ̀yìn ló ń kà wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màámi, ìborùn tí wọ́n ń wá, ọwọ́ yín ló wà. Ṣé ẹ ò lè wò ó kí ẹ sọ bó ṣe hun ún?"

Ìyá Olówùú gbìyànjú. Ó gbé e síbi fèrèsé, ó gbé awò ńlá lé e, Àbígbẹ̀yìn sì ń tan iná fóònù sí i láti ẹ̀yìn. Òwú onírun ò ṣeé kà. Irun rẹ̀ bo gbogbo ojú pátá, èèyàn ò mọ èyí tó wọlé, èèyàn ò mọ èyí tó jáde. Ó ka ìlà mẹ́ta, ìkẹrin dàrú mọ́ ọn lójú. Ó fi awò sílẹ̀.

"Ó di kí n tú u," ló wí. "Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n máa kà á bó ṣe ń tú." Ó tún mú ìborùn náà, ó fi mọ́ àyà. "Mi ò sì ní tú u. Ohun tí ọwọ́ ẹ̀ ṣe kẹ́yìn nìyí."

Àbígbẹ̀yìn ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. "Wọ́n ní òwú onírun máa ń di mọ́ra, kò ní fẹ́ tú. Wọ́n ní ká dì í sínú ọ̀rá, ká gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì, irun ẹ̀ á sùn."

"Inú kí ni?"

"Fírísà, Màámi."

"Rárá o!" Ohùn rẹ̀ ga débi pé aládùúgbò yọjú. "Mo ti jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ mi sínú òtútù lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ márùn-ún ló sùn síbẹ̀. Ṣé èmi náà ni kí n tún fọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò láàánú mi ni?"

Àbígbẹ̀yìn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Òun náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú. Kò sí ẹni tó rántí ìyẹn dáadáa nínú ilé ọ̀hún, torí ìbànújẹ́ ìyá ló pọ̀ jù. Wọn ò mẹ́nu kan ìborùn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà náà ni lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Àbígbẹ̀yìn kà á síta níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń mu tíì. "Ìyá wa, ẹ ò mọ̀ mí. Mo já ojú mẹ́rìnlá sílẹ̀ ní apá kejì, mo sì fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ nù. Ọmọ yín bá mi jókòó lórí fóònù fún wákàtí méjì. Mò ń sunkún pé gbogbo ohun tí mo hun ni mo máa tú. Ó ní, 'Ẹ tú u, Màámi. Títú kọ́ ni pé ó bàjẹ́. Òwú náà ṣì wà lọ́wọ́ yín.' Ìborùn náà ṣì wà lórí abẹ́rẹ́ mi. Mi ò lè fà á yọ, mi ò sì lè parí rẹ̀. Mi ò wá kán yín lójú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó sọ fún mi."

Ìyá Olówùú mu tíì rẹ̀ tán. Ó dìde, ó lọ fa ìborùn náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ká a, ó dì í sínú ọ̀rá funfun méjì. Ó kó ẹran àti yìnyín sápá kan nínú fírísà, ó nu ibẹ̀ gbẹ kó tó gbé e síbẹ̀. Ó fọwọ́ lé ìdérí, ó dúró. "Má bínú, ọmọ mi," ló wí. "Di ọ̀la péré ni."

Lọ́jọ́ kejì tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, Àbígbẹ̀yìn gba àyè níbi iṣẹ́, ó jókòó sórí àpótí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí, pẹ̀lú bírò àti ìwé kékeré yẹn, lójú ewé karùn-ún. Ìyá ń tú, ó ń pè é, ọmọ ń kọ ọ́. Ìlà tó kẹ́yìn ló kọ́kọ́ ń tú, nítorí náà, láti ìsàlẹ̀ ìwé ni Àbígbẹ̀yìn ti ń kọ ọ́ lọ sókè. "Méjì pa pọ̀. Ihò kan. Mẹ́ta lásán. Ihò kan." Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran; omi ń ṣàn lójú obìnrin yìí, kò sì ṣi ojú kan kà.

Ní ìlà kọkànlá, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí ló dé, Màámi?"

"Èyí ò fẹ́ jáde tààrà." Ó rọra fà á. Ojú òwú náà yí díẹ̀ kó tó tú. "Ó lọ́."

"Àṣìṣe ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ? Kó lọ́ ojú?" Ó bọ́ sórí èyí tó kàn láàárín ìyẹ́ kejì. Ó yí, ó tú. Ìyẹ́ kẹta, ó yí, ó tú. Ìlà kẹwàá, bákan náà. Ó gbé awò, ó wò ó. Abẹ́ ni òwú ti kọ́ abẹ́rẹ́ wá, láti ẹ̀yìn aṣọ. Gbogbo eegun àárín ìyẹ́ náà, ní ìlà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe hun ún. Kò sí ẹlòmíràn tí Ìyá Olówùú mọ̀ tó ń hun ún bẹ́ẹ̀ àfi ìyá rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀.

Ó gbé ìborùn lé itan. Ó wo àpótí tí Àbígbẹ̀yìn jókòó lé. "Ó jókòó síbẹ̀ fọ́jọ́ méjì," ló wí. "Ọwọ́ mi ló ń kọ́. Mo ní ó wá bá mi wí, mo fi aṣọ bò ó." Ó wá sun ẹkún tó ti fi oṣù mẹ́jọ pa mọ́, ẹkún tó lóhùn, ọmọ rẹ̀ sì dì í mú títí tó fi rọlẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn ṣí ìwé náà sí i lójú. "Bi Màámi ní orúkọ rẹ̀." Ó ní, "Ohun tó fẹ́ bi yín nìyí. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Kò lórúkọ. Ìyá mi ò pè é ní nǹkan kan. 'Wo ọwọ́ mi,' ló máa ń wí."

"Màámi, wọn ò lè rí ọwọ́ yín níbi tí wọ́n wà. A gbọ́dọ̀ pè é ní nǹkan. Ṣé ká pè é ní ojú Màámi?"

"Kì í ṣe tèmi." Ó nu imú. "Kọ ọ́ pé ojú ọlọ́wọ́ òsì."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi parí ogún ìlà. Àbígbẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ dáadáa bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ níbi iṣẹ́, ó gbé e sójú kan náà tí mẹ́rin ìyókù wà, lọ́fẹ̀ẹ́. Òwú dúdú náà ni Ìyá Olówùú fi tún etí ìborùn hun padà, àwòṣe ọmọ rẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó wo ìwé hun nǹkan. Ojú tirẹ̀ fún ju ti Àkọ́bí lọ díẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á rí i.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, olùkọ́ yẹn tún kọ̀wé. Ó dúpẹ́ títí, ó wá bi wọ́n léèrè tìtìjú-tìtìjú: ní ìlà kẹwàá àti ìkọkànlá, àwòṣe ní kí òun lọ́ ojú. Nínú apá kìíní, Àkọ́bí ló kìlọ̀ pé kí àwọn má lọ́ ọ o. Ṣé kì í ṣe àṣìṣe ni?

Àbígbẹ̀yìn fẹ́ fèsì. Ìyá rẹ̀ ní kó gbé fóònù wá. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó sì fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Kì í ṣe àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń hun ún nílé wa."