Irin Tó Wọ Aṣọ Funfun

1.

(Iṣẹ́ tí Gbọ́láhàn fi fóònù rán sí Jádesọ́lá, láti Banjul sí Abẹ́òkúta, 2009.)

…èmi nìkan ni mo gbé e karí o, Àǹtí, láti New Town títí dé wọ́ọ̀fù! Ilẹ̀ ń jìn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀nì jáde nínú odò wá wò mí, ojú tì í, ó padà sómi. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ń bẹ̀ mí pé kí n wá máa ṣe ìdákọ̀ró fún òun. Irin yín ti wọkọ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá.

2.

Ohun tó ní òun gbé karí:

— irin gbọọrọ tí ẹsẹ̀ iwájú bọ́lẹ̀kájà dúró lé, ti Bẹ́dífọ́ọ̀dù àtijọ́
— àpótí pákó tí wọ́n kàn mọ́ ọn
— irọ́ (òun ló wúwo jù)

3.

Bàbá Jádesọ́lá, Adébọ̀dé, fi bọ́lẹ̀kájà tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti ń sùn lẹ́yìnkùlé láti ọjọ́ tí irin iwájú rẹ̀ ti kán. Ara bàbá kò yá mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè: kí òun tún jókòó síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa lọ.

Jádesọ́lá wá irin náà títí. Gbọ́láhàn, tó ń ta ògbólógbòó irin ọkọ̀ ní Banjul, ló rí ọ̀kan lẹ́yìn ilé kan ní Box Bar. Adìẹ ń yé sí i lára.

4.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ojú omi máa ṣí. Òmíràn, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Bàbá lè má dé oṣù tó ń bọ̀.

5.

GBỌ́LÁHÀN (lórí fóònù): Saikou, ọkọ̀ tó máa gbé mi dé wọ́ọ̀fù dà?
SAIKOU: Mo ti dé tán, bọ̀ọ̀dá.
GBỌ́LÁHÀN: Ewúrẹ́ ni mò ń gbọ́ yẹn?
SAIKOU: …Gíà ló já. Serekunda ni mo ṣì wà.

6.

Òjò ń ṣú. Gbọ́láhàn ká aṣọ funfun orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èyí tí áyọ̀nù ti jó nígun kan, ó fi bo àpótí. Òun àtàwọn alágbàṣe gbé e jáde dé etí títì, ó dá wọn lágara, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó nu òógùn, ó sorí kọ́.

Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ebrima tó ń jó irin ládùúgbò ń kọjá lọ. Ó rí àpótí gbọọrọ, ó rí aṣọ funfun, ó rí ọkùnrin tó sorí kọ́. Ó bọ́ sábẹ́ igun kan.

Ní Banjul, a kì í rí òkú tó ń kọjá ká káwọ́ gbera. Bí o bá gbé e débì kan, o ti gba láádá. Ẹlòmíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ.

6, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Gbọ́láhàn la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Ó pa á dé.

7.

PA ALASAN (àgbà àdúgbò, ó ti bọ́ sábẹ́ igun kejì): Olóògbé yìí wúwo o!
GBỌ́LÁHÀN: Ó jẹun kánú ni, Pa.
EBRIMA: Ibo là ń gbé e lọ?
GBỌ́LÁHÀN: Ọ̀dọ̀ omi.
PA ALASAN: Ẹn-ẹ́n. Barra lódìkejì odò ni wọ́n ti bí i, ó ń re ilé. Ọlọ́hun á forí jìn ín. Ẹ yára, òjò ń bọ̀!

8.

Àwọn tó fi èjìká sí i:
Ebrima.
Pa Alasan, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún.
Télọ̀ kan, tòun ti téèpù lọ́rùn.
Ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ dúró, tó sì tún wá bá wọn gbé e.
Àwọn tí kò mọ orúkọ wọn.
Àwọn tí kò mọ orúkọ wọn.
Àwọn tí kò mọ orúkọ wọn.

Ẹ̀rín ló ń pa Gbọ́láhàn. Nígbà tó fi máa yọ, ẹkún ni.

9.

Ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Barra kò jìnnà sí wọ́ọ̀fù. Ó ní, «Ẹ ṣeun, ẹbí á gbà á níbí.» Wọ́n gbàdúrà, wọ́n túká. Ó wá alágbàṣe mìíràn, wọ́n yà sí wọ́ọ̀fù.

Lálẹ́, Mama Haddy tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ gbé ìrẹsì ẹlẹ́ja wá fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ó jẹ ẹ́. Ó lá abọ́.

10.

(Láti Abẹ́òkúta.)

Bọ̀ọ̀dá Gbọ́láhàn, Bàbá gun ọkọ̀ wọn lónìí!! Wọ́n na ọwọ́ síta, wọ́n ń kí gbogbo ayé. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ wá kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó gbé e karí. Sátidé ni mò ń bọ̀.

11.

Ẹ má wá o.

(Kò fi í ránṣẹ́.)

12.

(Sátidé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Gbọ́láhàn. Gbogbo àdúgbò jáde wá wo àlejò.)

JÁDESỌ́LÁ: Ẹ̀yin èèyàn mi, òun nìkan ló gbé irin ọkọ̀ bàbá mi dé wọ́ọ̀fù. Lórí!
EBRIMA: Orí wo?
GBỌ́LÁHÀN: Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wọlé.
JÁDESỌ́LÁ: Mo ti fọ aṣọ tí ẹ fi bo àpótí, mo lọ̀ ọ́. Òun rèé.

(Ó tẹ́ aṣọ funfun. Àpá áyọ̀nù wà ní igun.)

EBRIMA: Àpá yìí! Imú mi ló wà láti New Town dé etí omi!
MAMA HADDY: Gbọ́láhàn.
GBỌ́LÁHÀN: Mà.
MAMA HADDY: Ìrẹsì mi.
PA ALASAN: Gbogbo Jímọ́ọ̀ ni mò ń tọrọ Alijánnà fún irin?

(Ó kọjú sí Jádesọ́lá.)

PA ALASAN: Ọmọ mi, irin ọ̀hún, ó ń rìn?
JÁDESỌ́LÁ: Ó ń sáré, Pa. Bàbá mi wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń kọrin.
PA ALASAN: Alhamdulillahi! Òkú tí mo gbé ti dìde!

(Jádesọ́lá yí padà. Ó kúnlẹ̀ fún Pa Alasan, fún Ebrima, fún Mama Haddy, fún télọ̀.)

JÁDESỌ́LÁ: Ẹ̀yin ni wọ́n rán mi sí.
EBRIMA: A gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni ní orí òun le. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn wá.

(Mama Haddy mú aṣọ funfun. Ó ń ká a. Ó di òṣùká.)

MAMA HADDY: Ó yá, bẹ̀rẹ̀.

13.

Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì, lójú títì.

14.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún, jìnnà síyẹn.

15.

(Iṣẹ́ orí fóònù, sí Jádesọ́lá.)

Ẹ bá mi sọ fún wọn pé abaraka, pé mo dúpẹ́. Lóòótọ́. Èjìká wọn ni, kì í ṣe orí mi. Ẹ sọ fún Ebrima kó má lé mi mọ́: eré tí mò ń sá yìí, òjìji mi ti ní òun ò bá mi lọ, mo ti ré Senegal kọjá, ọ̀nì yẹn ti tún jáde, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ní…