Omi Ilé Ọkọ Ruchira

Ife omi náà ń làágùn ju Bàbá Girivar fúnra rẹ̀ lọ. Ruchira ọmọ rẹ̀ gbé e dúró níwájú rẹ̀ lórí àwo pẹrẹsẹ. Oòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe oòrùn tí èèyàn ń fẹnu lásán sọ. Ó mú débi pé ẹsẹ̀ ni àwọn kannakánná fi ń rìn lábẹ́ òjìji ògiri, torí èyí tó bá dán an wò láti fò nínú wọn, sísun ló máa sun kó tó balẹ̀.

"Ẹ gbà á, Bàbá," ni Ruchira wí. "Omi lásán ni."

"Mo rí i." Bàbá Girivar fi ahọ́n la ètè, àmọ́ ahọ́n ọ̀hún ti gbẹ bí awọ bàtà. "Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ ná."

"Tí mo bá gbé e kalẹ̀, ṣé ẹ máa mu ún?"

Bàbá yí ojú kúrò lára ife náà. Láti ayé àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ìlú Jhansi lórílẹ̀-èdè India, baba tó bá ti fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lé ọkọ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ, kò sì gbọdọ̀ mu nílé ọkọ ọmọ náà mọ́ títí ilẹ̀ á fi bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìdílé tirẹ̀, èèwọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo abúlé tí ọmọ bá lọ́kọ sí ni omi ibẹ̀ ò ti gbọdọ̀ kàn wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ẹni tó bá ti fi nǹkan tọrẹ kì í padà wá tọ́ ọ lá. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ dákú lẹ́nu ọ̀nà àna rẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n kọ́kọ́ gbé e kọjá ààlà abúlé ná kí ẹnikẹ́ni tó da omi sí i lórí.

Ká ní ìbẹ̀wò lásán ni Bàbá Girivar bá wá, ì bá kí wọn tán, ì bá sì máa lọ. Àmọ́ ẹ̀rí ni wọ́n ní kó wá jẹ́.

Bàbá yìí kì í ṣe èèyàn kékeré lórí fóònù. Láti ìgbà tí Ruchira ti wà lọ́mọdé, tí iṣẹ́ rélùwéè tí bàbá ń ṣe ń fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, ni òun àti Kusum ìyàwó rẹ̀ ti ń kó ọmọ wọn káàkiri India. Gbogbo òtẹ́ẹ̀lì àti gbogbo ilé tó ń gba àlejò tí wọ́n bá sùn sí, ó máa ń kọ bó ṣe rí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé kà, kò ní fi bọ́tà ra á lára. Òun ló kọ ọ́ pé ìrọ̀rí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Agra le débi pé àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ wá yá a láti fi parí ògiri. Òun ló kọ ọ́ pé omi gbígbóná ibì kan ní Nainital dà bí ọmọ tó wà lókè òkun, ìgbà ọdún nìkan ló ń yọjú, kò sì ní jókòó. Ó ní ẹ̀fọn ibòmíràn sanra ju onílé lọ. Àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju èrò ibùdókọ̀ rélùwéè Jhansi lọ. Ilé opó kan wà ní Maheshwar tó yìn, àlejò wọ́ débẹ̀ títí opó náà fi di ẹni tó ń sùn lórí òrùlé ara rẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́ torí pé kì í purọ́, àti pé ibi tí kò bá ti jẹun, kì í kọ nípa rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, Ruchira ni adájọ́ kejì. Òun ló ń fò sókè sódò lórí bẹ́ẹ̀dì láti mọ̀ bóyá yóò ké, òun ló ń ki imú bọ aṣọ ìbora, òun ló ń rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ wá eruku jáde bí ẹni tó ń wa góòlù.

Ẹ wá wo adájọ́ tó ti di ẹlẹ́jọ́. Ruchira àti Devendra ọkọ rẹ̀ tún àwọn yàrá ẹ̀yìn ṣe nínú ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ní abúlé Bardaha, lẹ́bàá odò Betwa. Wọ́n fi ẹfun kùn ún, wọ́n gbé pátákó síta pé àwọn ń gba àlejò. Ewúrẹ́ aládùúgbò ló kọ́kọ́ wọlé, òun nìkan náà ló sì ń padà wá. Devendra ti wá sọ pé tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, òun ń lọ sí ìlú Surat tó jìnnà réré lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Àwọn ọkùnrin abúlé náà tó lọ sí Surat, àwọn ọmọ wọn kì í dá wọn mọ̀ mọ́ bí wọ́n bá dé. Báàgì Devendra ti wà lára ìṣó, ó ti dì í. Bí Ruchira ṣe pe bàbá rẹ̀ nìyẹn, tó ní kó wá sùn lọ́dọ̀ àwọn, kó kọ ohun tó bá rí, kó má ṣe wo ti pé ọmọ òun ni. Inú bàbá dùn débi tó fi gbà kó tó rántí èèwọ̀ ẹnu ara rẹ̀.

Òun àti Kusum ru omi inú ìgò àti rótì díndín, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn nìyẹn, wá láti Jhansi, wọ́n ní ìyẹn á gbé àwọn dé ọjọ́ tí àwọn máa padà. Oòrùn Bardaha rẹ́rìn-ín. Omi inú ìgò gbóná débi pé ewé tíì nìkan ló kù tí wọ́n máa jù sí i. Ànàmọ́ tí wọ́n fi sínú búrẹ́dì náà kan, ó ń hó bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìgò ti ṣófo, Kusum sì ti na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ tútù lórí, ó ń la ẹnu pa á dé bí ẹja inú agbọ̀n.

Síbẹ̀, bàbá yẹ gbogbo yàrá wò bí ọlọ́pàá tó ń wá ẹrù òfin. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń ta sánsán. Bẹ́ẹ̀dì kò ké. Ṣùgbọ́n fáànù ń yí bí arúgbó tó ń ronú, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kò sì ṣeé tì, ẹni tó bá ń wẹ̀ ní láti máa kọrin kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ruchira. Ọmọ náà kò bínú.

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Oúnjẹ wá ńkọ́?"

"Mo lè kọ ti bẹ́ẹ̀dì nìkan."

"Bàbá, ta ló máa ti Delhi wá nítorí bẹ́ẹ̀dì? Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn ní Delhi ni?"

Bàbá wolẹ̀. Ó ní kò burú, òun á kọ ọ́ pé oúnjẹ ibẹ̀ dùn, ṣebí òun mọ ọwọ́ rẹ̀ láti ilé. Ruchira wò ó bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ lójú ara rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí," ó ní, "tí mo ní kí ẹ bá mi yin òtẹ́ẹ̀lì kan torí pé wọ́n fún mi ní súìtì. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi?"

Ó rántí. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá fi irọ́ yin nǹkan, kò sẹ́ni tó máa gba òótọ́ rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ramkali, ìyá ọkọ Ruchira, jókòó sábẹ́ igi inú àgbàlá, ó ń gé máńgòrò àìpọ́n tí wọ́n máa fi sínú iyọ̀. Ẹnu ìyá yìí mú ju ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Láti òwúrọ̀ ló ti ń ròyìn àna rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá, pé ọkùnrin gidi ni, pé ahọ́n rẹ̀ ti yọ síta dé àyà, síbẹ̀ kò tọrọ ẹ̀kán omi kan. Ó pe Ruchira mọ́ra.

"Ìyàwó, fi bàbá ẹ sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá jẹ rótì nínú ilé yìí, òun á ti padà sí Jhansi lọ́jọ́ kejì. Ìwọ àti èmi la máa jókòó ti ẹnu àwọn ará Bardaha."

Ruchira ní àwọn ará Bardaha kì í gba àlejò, ẹnu wọn kò sì lè dá Devendra dúró kó má lọ sí Surat. Ìyá gé máńgòrò kan sí méjì.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Ruchira dáná. Ẹ ì bá wà níbẹ̀. Ó yọ́ bọ́tà, ó da èso olóòórùn sí i, ó dà á lé ọbẹ̀ ẹ̀wà lórí, ó yan rótì, ó sun ìkàn nínú eérú títí awọ rẹ̀ fi ṣí. Òórùn náà gba ojú fèrèsé jáde, ó lọ jí òkú ọ̀lẹ tó ń sùn ní òpin àdúgbò. Kusum yí ojú sí ògiri níbi tó dùbúlẹ̀ sí nínú yàrá kejì. Ruchira gbé àwo náà wọ yàrá tí àwọn àlejò yẹ kí wọ́n máa sùn sí, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn kí Ramkali má bàa rí wọn, ó sì jókòó sílẹ̀ lódìkejì rẹ̀.

Bàbá Girivar wo àwo, ó wo ọmọ. Ọmọ náà ti rù. Bàbá rí báàgì Devendra lọ́kàn rẹ̀, ó rí ọmọ yìí nìkan nínú àgbàlá pẹ̀lú arúgbó àti máńgòrò oníyọ̀, ọdún dé ọdún. Ó gé rótì. Ó fi kó ìkàn. Ọwọ́ tó ti ń gbé oúnjẹ sẹ́nu láti ọgọ́ta ọdún ó lé wá ṣe bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà. Ìkàn ń kán sílẹ̀. Ó di ojú méjèèjì, ó ya ẹnu.

Ruchira gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má jẹ ẹ́."

"Ìwọ lo ní kí n jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀. Mo rò pé mo lè wò ó ni." Omi ń dà lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. "N ò lè wò ó, Bàbá."

"Devendra wá ńkọ́?"

Ruchira tú ìka bàbá rẹ̀, ó mú òkèlè náà kúrò níbẹ̀, ó sì fi sẹ́nu ara rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ oògùn.

"Ó dùn," ó ní. "Kí ẹ ṣáà mọ̀."

Nígbà tí ọbẹ̀ tutù, bàbá dìde, ó ní òun ń lọ sí Simra, abúlé tó tẹ̀ lé tiwọn, lọ wá omi kí Kusum tó kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ruchira mú ìgò òfìfo ìyá rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Wọ́n kọjá láàárín oko ẹ̀wà tó ti gbẹ, wọ́n kọjá òkúta tí wọ́n fi pààlà abúlé méjèèjì.

Ẹ̀rọ omi Simra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ruchira gbé ìgò sílẹ̀, ó ká aṣọ orí rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó di irin náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Irin náà ké títí, ó sọ ìpáàrà jáde, lẹ́yìn náà ni omi dé. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Ó mu. Ó mu débi pé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ odò Betwa bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé ta ló ń fa ilé àwọn lọ. Ó fi ọwọ́ sọ pé ó tó, ọmọ kò dáwọ́ dúró, ó tún mu.

Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí sìmẹ́ńtì ẹ̀rọ náà, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó fa fóònù yọ.

"Kí lẹ máa kọ?" ni Ruchira bèèrè.

"Ohun tí mo rí."

Ó pẹ́ tó ti ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo. Ó kọ ti aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ti fáànù, ó kọ ti ilẹ̀kùn. Kò fi ọ̀kan bò. Ó dúró, ó nu ojú fóònù mọ́ apá aṣọ, ó tún kọ díẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Ó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ruchira fi ẹsẹ̀ kan dúró ti irin ẹ̀rọ náà, ó ń kà á lọ títí ó fi dé ìsàlẹ̀:

"Ọmọ mi ló ni ilé yìí, mo sì ti fi í fọ́kọ, nítorí náà n kò jẹun níbẹ̀, n kò sì ní jẹ ẹ́ títí n óò fi kú. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe bàbá rẹ̀, ẹ bá mi lọ jẹ ẹ́."