Dùùrù Tó Ń Gbọ̀n

"Tún un tẹ̀ kí n gbọ́."

Afínjú tún un tẹ̀. Ohùn fèrè jáde látinú dùùrù àtijọ́ náà, ó dúró ṣánṣán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ìlà orin kan lé e, ó dákẹ́.

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mo tún un ṣe ni, bọ̀dá mi. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti dẹ̀, mo fi tuntun sí i láàárọ̀."

Abẹ́ eyín dùùrù yìí kọ̀ọ̀kan ni téèpù tí wọ́n gba ohùn fèrè sí wà. Béèyàn bá tẹ eyín, téèpù á sáré. Bí téèpù bá tán, ohùn á gé. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ ló ń jẹ́ kí ohùn náà máa fì. Ta ni yóò rí irú ẹ̀ tí kò ní tún un ṣe? Afínjú kọ́ o. Bí àwòrán bá wọ́ lára ògiri ilé onílé, ọwọ́ rẹ̀ á ti débẹ̀. Àtúnṣe ẹ̀rọ ló sì fi ń jẹun.

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbà," ni ọkùnrin tó ń gba orin sílẹ̀ wí látẹ̀yìn gíláàsì.

Wọ́n tún un gbà, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Látìgbà tí àìsàn ti gbé ẹ̀gbọ́n ṣánlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó sì ti sọ nílé pé bí tòní ò bá dáa, òun ti kọrin tán nìyẹn.

Ara Afínjú kò balẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó ń nu dùùrù tí kò dọ̀tí.

"Kọ̀ǹpútà wà o, bàbá," ni ọkùnrin náà wí. "Ó lè tún ohùn yín ṣe."

"Kó tún un ṣe, kó wá di ti ta?" Ẹ̀gbọ́n yíjú sí Afínjú. "Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mi ò bá ẹ jà, àbúrò mi. Nígbà tí dùùrù yìí ń gbọ̀n, èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbọ̀n. Ní báyìí, ó ku èmi nìkan."

Ọ̀rọ̀ náà dun Afínjú wọra. Bẹ́líìtì àtijọ́ ṣì wà nínú báàgì rẹ̀, torí òun ló mú lọ sọ́jà kó lè ra irú ẹ̀. Ó tú ẹ̀yìn dùùrù, ó yọ tuntun, ó fi ògbólógbòó síbẹ̀. Ọwọ́ ń yún un láti fà á le díẹ̀. Ó dé e pa, ó sì tún tẹ eyín.

Fèrè fì, ohùn ẹ̀gbọ́n fì tẹ̀lé e, wọ́n jọ ń lọ bí arúgbó méjì tó dira wọn lọ́wọ́ mú. Níbi ìlà ìkẹyìn, téèpù tán. Ẹ̀gbọ́n kò dúró. Ó dá ìyókù kọ, ó sì kọ ọ́ tán.

"Ó dáa gan-an," ni ọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì wí. "Àmọ́ fèrè gé níparí. Ṣé ká tún ibẹ̀ ṣe?"

Ọwọ́ Afínjú ti ń lọ sórí dùùrù. Ó fà á padà, ó fi lé itan.

"Rárá," ló wí. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."