Ìyá Pẹrẹsẹ Kọjú sí Afẹ́fẹ́

Ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń jí, ìjọba kan wà lójú òkun tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni gbogbo ará ibẹ̀. Òpó Iná tó dúró lórí àpáta, tó ń tànmọ́lẹ̀ fún ọkọ̀ lóru, ni ọba wọn. Ogun àtijọ́ kan ti jó wọn rí, jíjó tí èéfín rẹ̀ ò tán bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi búra pé ọkọ̀ kankan kò ní gbé àṣá sẹ́yìn mọ́, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú ajagun tí í fò lọ sílẹ̀ onílẹ̀ lọ gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Pẹrẹsẹ ló tóbi jù nínú wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Hẹlikọ́pítà ni àwọn ọmọ tó ń pọ̀n, Lámilámi ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí wọ́n lè dúró sójú kan lófuurufú. Bí ọmọ bá jáde, ìyá ò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Yóò kọjú sí i títí ọmọ yóò fi bà, kí afẹ́fẹ́ má baà gbá ọmọ dànù. Á sì máa kọrin:

Mo kọjú sí afẹ́fẹ́ o,
Lámilámi, máa bọ̀.
Ẹ̀yìn ìyá ò kún rí,
Lámilámi, máa bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Balógun Ẹlẹ́nu-Ìbọn dìde nínú ìgbìmọ̀.

“Kábíyèsí, àwọn aládùúgbò wa ń pọ́n eyín. A kì í fi kòkòrò lé ẹkùn. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Pẹrẹsẹ sọ kòkòrò wọ̀nyí kalẹ̀, kó gbé àṣá.”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Balógun, mo dúpẹ́ pé ẹ tiẹ̀ rí ọmọ mi,” ni ìyá wí. “Kábíyèsí, ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mo ní. Bí àṣá bá gùn ún, níbo lọmọ mi yóò bà? Ìbúra wa ńkọ́?”

Ọba mí kanlẹ̀. “Ẹ̀rù ń ba ìlú. Ẹ dán an wò.”

Bí wọ́n ṣe ti àwọn ọmọ mọ́ inú ìyá wọn nìyẹn, tí àṣá gba ẹ̀yìn.

Kò pẹ́, ìjì dé. Balógun tó ṣáájú àwọn ọkọ̀ forí sọ àpáta kan lábẹ́ omi, ìhà rẹ̀ ya, omi ń wọlé.

“Ẹ̀yin àṣá! Ẹ wá gbé àwọn atukọ̀ mi!”

Àwọn àṣá fò dìde, wọ́n ń yí po.

“Bàbá, a ò mọ̀ ọ́n dúró o! Bá a bá dúró, jíjá la ó já!” Ni wọ́n bá gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ.

Ìyá Pẹrẹsẹ ṣí inú, ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ gòkè.

“Èmi ò pàṣẹ!” ni ọba ké.

“Kábíyèsí, ẹ ṣáà máa tàn sí wa. Ẹ bínú tó bá dọ̀la.”

Ó kọjú sí afẹ́fẹ́. Ìgbì ń gbá a láyà, ó ń kọrin. Àwọn ọmọ dúró lókè Balógun, wọ́n ju okùn, wọ́n ń fa atukọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn dé, ó ku àbíkẹ́yìn. Àwọn ọkọ̀ ní, “Ìyá, ẹ yí padà, ìgbì á fọ́ yín!” Kò yí. Orin ló ń kọ. Nígbà tó yá, àbíkẹ́yìn yọ, ó gbé alásè Balógun, tó ṣì di ìkòkò ìrẹsì rẹ̀ mọ́yà. Ẹ̀rín àti ẹkún pa pọ̀ lẹ́nu ìyá. “Mo dúpẹ́ o, mo dúpẹ́!”

Wọ́n fi okùn fa Balógun wọ èbúté.

“Ìyá, ẹ ṣé. Kòkòrò tí mo bú ló gbà mí.”

“Ọmọ ni wọ́n, Balógun.”

“Ọmọ ni wọ́n, ìyá mi.”

Ọba tún ìbúra àtijọ́ kà sétí gbogbo wọn. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ kan bá rí Ìyá Pẹrẹsẹ tó kọjú sí afẹ́fẹ́, á rọra rìn. Balógun ló kọ́kọ́ máa ń dorí ìbọn rẹ̀ kodò, tí yóò sì bá a gbe orin títí ọmọ ìkẹyìn yóò fi bà.