Òdòdó Lọ́rùn Agolo Fíìmù

Àwa tá a wà nílé ìpamọ́ fíìmù ní Chennai, a mọ àpọ́nlé í ṣe, ẹ má gbọ́ tẹlẹ́nu. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ìbọ irinṣẹ́, tí awakọ̀ ń fi òdòdó sára ọkọ̀, tí télọ̀ ń fi sára ẹ̀rọ ìránṣọ, àwa náà á to agolo fíìmù sílẹ̀, a ó fi àtalẹ̀ pupa kùn wọ́n, a ó fi òdòdó kọ́ wọn lọ́rùn, a ó wọ́n omi mímọ́ sí wọn lára. Èmi Murugesan ni mo ń wọ́n omi, mi ò sì kì í ṣahun. Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá fíìmù tutù ti kú láti ọdún mẹ́ta. A fi òdòdó kọ́ òun náà lọ́rùn.

Oṣù méje ni Màmá Ambujam fi ń wá sọ́dọ̀ wa. Valli ọmọ wọn ṣe ọmọ ọwọ́ nínú fíìmù kan láyé ijọ́un. Kò pé ọmọ ọdún méjì tí ibà fi pa á. Wọn ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Inú agolo wa nìkan ni ojú ọmọ náà kù sí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n rí i kí ojú mi tó fọ́ tán."

Thangavelu ọ̀gá wa á ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tá a bá ń tọ́jú, a kì í ṣí i."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń tọ́jú ìrẹsì yín náà? Ẹ kì í ṣí ìkòkò?"

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìwé àṣẹ dé láti òkè pé ká ṣí i, ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé agolo náà jáde tòdòdó-tòdòdó. Ìdérí ti dógùn-ún, ṣíbí ni mo fi ṣí i. Háà! Òórùn kíkan gbá wa nímú. Fíìmù ti lẹ̀ mọ́ra, ó di òkìtì kan ṣoṣo, kò ṣeé wò mọ́.

"Kò burú," ọ̀gá ní, "agolo ṣì dáa."

Màmá ò sunkún. Wọ́n fọwọ́ kan òdòdó náà.

"Murugesan, nílẹ̀ wa, fọ́tò ta là ń fi òdòdó kọ́ lọ́rùn?"

"Fọ́tò òkú ni, Màmá."

"Ẹ sì ń fi kọ́ ọmọ mi lọ́rùn lọ́dọọdún. Ẹ ò ránṣẹ́ sí mi."

Ojú tì mí. Ọwọ́ mi yìí ló wọ́n omi náà.

Ọ̀gá ti ìwé àlejò síwájú wọn. "Màmá, ẹ fọwọ́ sí i níbí, pé ẹ ti rí i."

Mo pa ìwé náà dé. "Ọ̀gá, kí ni wọ́n rí?"